Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ta sólà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa so ó, ní Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́ orí òrùlé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lórí àkàbà.

Ohun tó fa lẹ́tà yìí ni ìdáhùn kan tó ti di orin lẹ́nu yín. Bátìrì tí ẹ ní yóò lo ọdún márùn-ún kú kí ọdún kan tó pé. Oníbàárà gbé e padà wá. Ẹ gbé multimètre, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, lé e, ẹ mi orí, ẹ ní: “Ẹ̀yin lẹ lò ó nílòkulò. Ọjà tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù, a kì í gbà á padà mọ́.” Ó parí síbẹ̀. Kò sí ìwé tí ẹ lè tọ́ka sí, kò sì sí èyí tí òun náà lè fà yọ.

Iṣẹ́ títún ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) ṣe ni mò ń ṣe, ohun tí ẹ bá so ni mo sì ń tú. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan níbí, torí pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ yín. Ẹni tí kò bá kàn mọ ara rẹ̀. Ẹ̀sùn mi kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ ń ta ẹrù láìṣírò, bí ẹrù bá sì bàjẹ́, ẹ ń di ẹ̀bi ru ẹni tí ẹ kò kọ́ ní nǹkan kan. Ìwé kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè, tí ẹ ó máa fún oníbàárà kó tó sanwó. Ìdí tí mo fi ń bèèrè rẹ̀ rèé, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ kì í ṣírò kí ẹ tó tà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín ń gbọ́ ni “Èló lẹ mú lọ́wọ́?” Ohun tí ó fẹ́ máa lò àti iye wákàtí tí yóò fi lò ó lójúmọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí kò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu. Gílóòbù mẹ́fà, 9 W lọ́kọ̀ọ̀kan (W ni agbára tí nǹkan ń fà), fún wákàtí 5: 270 Wh (Wh ni W tí a fi wákàtí ṣe ìlọ́po). Fáànù méjì, 60 W lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 8: 960 Wh. Tẹlifíṣọ̀n 80 W fún wákàtí 5: 400 Wh. Fóònù bíi mẹ́rin: nǹkan bí 70 Wh. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1700 Wh. Bí fíríìjì kékeré bá wà níbẹ̀, ẹ fi nǹkan bí 1000 kún un, ó di 2700.

Ibẹ̀ ni ẹni tó gbìyànjú jù nínú yín máa ń dúró sí. Ẹ gbàgbé pé ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Ínfátà 5 kVA (kVA ni wọ́n fi ń wọn bí ínfátà ṣe lágbára tó) lè máa jẹ 40 sí 60 W nígbà tí gbogbo nǹkan inú ilé wà ní pípa. Ẹ fi 50 W ṣe wákàtí 24: 1200 Wh lójúmọ́, ó ju ti fáànù méjèèjì lọ. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí ilé yìí lè tàn lẹ́ẹ̀kan náà kò tó 500 W. Nítorí fíríìjì, tó máa ń fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà agbára rẹ̀ nígbà tó bá ń ta, 1,5 tàbí 2 kVA tó ń mú iná gidi jáde, èyí tí páálí rẹ̀ ń pè ní sinus pur, ti tó o. Ẹ gbé 5 kVA fún un nítorí ó tóbi lójú, èrè rẹ̀ sì pọ̀.

Ó dáa, a ti gbà á bẹ́ẹ̀. 2700 pẹ̀lú 1200 ti ínfátà: 3900 Wh ni ilé yìí ń jẹ lójúmọ́. Ní ìhà tiwa níbí, ẹ ka wákàtí oòrùn kíkún sí 4, ẹ má kà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ ojú ọ̀run Àjàṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ là. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku, waya àti ohun tó ń ṣòfò nígbà tí bátìrì bá ń gba iná. Ohun tó kù ni pé W kan lórí òrùlé ń mú 3 Wh wá lójúmọ́. Ẹ pín 3900 sọ́nà 3: 1300 W. Pánẹ́ẹ̀lì 550 W mẹ́ta nìyẹn, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ọjọ́ ìkùukùu.

Kí ni ẹ ń kó fún un? Pánẹ́ẹ̀lì kan pẹ̀lú bátìrì 200 Ah méjì (Ah ni wọ́n fi ń wọn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó). Pánẹ́ẹ̀lì kan yẹn kò lè mú ju 1650 Wh wá lójúmọ́, bátìrì méjèèjì sì gba 4800, ilé sì ń jẹ nínú ìwọ̀nba tó ń wọlé. Láti ọjọ́ tí ẹ ti so ó, bátìrì yẹn kò ní kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má sì sọ fún ènìyàn pé sólà kò bá ilẹ̀ wa mu. Ní Illoulofin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Pobè tó wà nínú ẹkùn Plateau kan náà pẹ̀lú Kétu, ìjọba ṣí ilé-iṣẹ́ iná oòrùn 25 MW ní oṣù Keje ọdún 2022. Oòrùn kan náà ló ń ràn lé àwọn àti àwa lórí. Wọ́n ṣírò tiwọn.

2. Àkọlé ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ń purọ́, ẹ sì mọ̀

Oòrùn ọ̀sán gangan ń kó nǹkan bí 1000 W lé ibi tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Pánẹ́ẹ̀lì tó dára ní ọjà báyìí ń yọ nǹkan bí 21 sí 23 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà kan, kò lè mú ju 230 W wá, ẹni yòówù kó ṣe é. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà lọ́jà tí wọ́n lẹ 400 W mọ́ lẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ 550 W ní tòótọ́ ń gùn tó nǹkan bí mítà 2,28, ó ń fẹ̀ tó 1,13, ó sì ń wọn kílò 27 sí 32. Téèpù káfíńtà ti tó láti mú irọ́ yìí.

Nọ́ńbà méjì mìíràn wà lára àkọlé náà, Vmp àti Imp: fólítì (V) àti bí iná ṣe ń sàn tó (A) nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì: 41,7 V pẹ̀lú 13,2 A ń fún wa ní 550 W. Bí wọ́n bá kọ 400 W, tí nọ́ńbà méjèèjì sì ń fún wa ní 260, ẹni tó tẹ àkọlé náà kò tilẹ̀ ṣe wàhálà kó parọ́ tó jọra wọn. Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì síta ní agogo 12 ọ̀sán, ẹ fi multimètre àti pince ampèremétrique, ẹ̀mú tó ń wọn A, wọn Voc (V nígbà tí a kò so nǹkan kan mọ́ ọn) àti Isc (A nígbà tí orí waya méjèèjì kan ara wọn) lójú oníbàárà. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Irọ́ kejì kò sí lára pánẹ́ẹ̀lì, inú régulateur, ẹ̀rọ tó ń darí iná pánẹ́ẹ̀lì lọ sínú bátìrì, ló wà. Ẹ ń fi régulateur PWM olówó pọ́ọ́kú so pánẹ́ẹ̀lì 550 W mọ́ bátìrì 12 V. PWM ń fa pánẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ sí fólítì bátìrì ni: 13 A ní 13 V, nǹkan bí 170 W. Oníbàárà sanwó 550, ó ń jẹ 170, ẹ sì ní kó fọ pánẹ́ẹ̀lì. MPPT, régulateur tó ń gba gbogbo agbára pánẹ́ẹ̀lì, ni irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Bí ẹ bá sì lo MPPT, ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà kéékèèké ní 145 V ni òpin ohun tí àwọn lè gbà láti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Pánẹ́ẹ̀lì 550 W mẹ́ta tí Voc wọn jẹ́ 49,6 V, tí ẹ so tẹ̀lé ara wọn, jẹ́ 148,8 V, ó sì tún ń lọ sókè ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí òtútù bá mú. Ínfátà jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ní àrá ni. Àwọn míràn wà tí kì í jí bí ohun tó ń wọlé kò bá tó 120 V; ẹ so pánẹ́ẹ̀lì méjì mọ́ ọn, ó mú 83 V wá, ẹ ní ínfátà ti bàjẹ́, ẹ ta òmíràn fún un.

3. Bátìrì: ibi tí owó ń gbé ṣòfò jù

Bátìrì òjé 12 V, 200 Ah, ní 2400 Wh nínú lójú ìwé. Ìlàjì rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lè lò lójúmọ́: 1200. Ínfátà yóò gba nǹkan bí ìdá mẹ́wàá níbẹ̀, ó ku 1080. Ilé tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, yóò lo nǹkan bí 2900 Wh. Bátìrì méjì kò tó, mẹ́ta kò sì ṣeé so sí 24 V, mẹ́rin ni. Tàbí kí ó ra lithium kan, 51,2 V, 100 Ah, tó jẹ́ 5120 Wh: bí ó bá lo 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nǹkan bí 3700 yóò dé ilé lẹ́yìn ohun tí ínfátà bá gbà. Kí ẹ fi owó méjèèjì lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé mẹ́rin yìí yóò fẹ́ pààrọ̀ ṣáájú lithium. Yíyàn ku sọ́wọ́ rẹ̀.

Bátìrì òjé tí kì í kún máa ń kú ikú kan tí ẹ mọ̀ dáadáa. Bí iná bá ń jáde nínú rẹ̀, nǹkan funfun kan máa ń hù lára òjé inú rẹ̀. Bí ẹ bá tètè dá iná padà títí ó fi kún, funfun yẹn á yọ́. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á le, kò ní yọ́ mọ́, àyè tí iná ń gbé á sì dín. Nígbà náà ni ẹ ó gun orí òrùlé, ẹ ó máa wo ojú ọ̀run, ẹ ó ní ìkùukùu ti pọ̀ lọ́dún yìí. Àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà, nínú ìṣirò tí ẹ kò ṣe.

Àwọn ohun míràn tí mò ń bá pàdé nínú iṣẹ́ yín rèé:

Bátìrì mọ́tò tí ẹ ń tà fún sólà. Òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, kó lè tú iná púpọ̀ jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti ta ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó ṣe é kó máa gbé fáànù di òwúrọ̀.

Bátìrì tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ 200 Ah tí ọkùnrin kan ń fi ọwọ́ kan gbé. 200 Ah gidi máa ń wọn kílò 55 sí 65. Ẹ ra òṣùwọ̀n, ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ gbé 10 A lé e: èyí tó pé gbọ́dọ̀ lo nǹkan bí wákàtí 20 kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé 10,5 V.

Ọ̀tun pẹ̀lú ògbólógbòó. Mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kan kú, ẹ mú tuntun kan fi dípò rẹ̀. Mẹ́ta tó ti rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kún, wọn yóò máa hó, tuntun kò ní kún. Láàárín oṣù díẹ̀ àárẹ̀ wọn á dọ́gba. Bí ẹ bá sì so méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ mú waya pupa láti ara èkínní, dúdú láti ara èkejì, kí méjèèjì lè ṣiṣẹ́ bákan náà. Ọ̀pọ̀ yín ń mú méjèèjì láti ara ẹyọ kan, ẹyọ yẹn ló sì ń kú ṣáájú.

Ooru. Ọjọ́ ayé tí wọ́n kọ sára páálí bátìrì, lórí 25 °C ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Bí ìwọ̀n ooru bá fi 10 ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ ayé bátìrì òjé á dín sí nǹkan bí ìdajì. Ní Sábẹ, ní oṣù Kẹta, yàrá kékeré abẹ́ páànù tí kò ní fèrèsé máa ń ju 35 lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ń tò wọ́n sí, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ tò wọ́n sórí pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí àlàfo wà láàárín wọn. Èyí tí a ń bu omi sí máa ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbaná sílẹ̀ nígbà tó bá ń kún. Kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

Ẹ sì kọ́ oníbàárà bí a ti ń wò ó. Kó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìgba iná, láìtú iná sílẹ̀, kó tó gbé multimètre lé e. 12,7 V: ó kún. 12,2: ó ti dé ìlàjì. 11,8: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò yẹ kó dé ibẹ̀. Èyí tí ẹ ń wọ̀n nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́wọ́, tí ẹ ń ka 13,8 fún un, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ ń fi ínfátà sílẹ̀ bó ṣe jáde nínú páálí

Ohun tó ń ya mí lẹ́nu jù nìyí, torí pé kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ínfátà hybrid (tó ń lo pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti iná ìlú pọ̀) tó wà lọ́jà ń jáde láti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ètò pé kí wọ́n má dá iná bátìrì dúró títí yóò fi dé 10,5 V lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan: 21 V fún ti 24, 42 V fún ti 48. Ìyẹn ni pé kó gbẹ pátápátá lóru kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí irú bátìrì sí USE, èyí tó ń jẹ́ ká fúnra wa yan nọ́ńbà, kí ẹ sì gbé òpin yẹn sókè sí 23 tàbí 46 ó kéré tán. Fún bátìrì AGM (òjé tí a ti dé pa, tí a kì í bu omi sí) 12 V kọ̀ọ̀kan, iná ìkún jẹ́ nǹkan bí 14,4 V, ti ìdúró, èyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá kún, 13,5 sí 13,8. Ti gel, èyí tí omi inú rẹ̀ ki, kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 14,1. Bí ìwé bátìrì bá sọ ohun mìíràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀lé.

Fún lithium, ẹ pa ètò tí wọ́n ń pè ní égalisation. Ó ń gbé fólítì sókè fún àǹfààní bátìrì omi. Lithium kò nílò rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ tó ń jẹ́ BMS á sì já iná, ilé á ṣókùnkùn lójijì ní ọ̀sán gangan. Oníbàárà á pè yín pé bátìrì ti kú. Kò kú o.

Iye iná tí a fi ń bọ́ bátìrì òjé kò yẹ kó kọjá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún Ah rẹ̀: 20 sí 40 A fún 200 Ah. Ẹ sì rántí SBEE, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Benin. Bí ínfátà 48 V bá wà lórí 30 A fún iná SBEE, nígbà tí iná bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ó ń fa nǹkan bí 1600 W, ìyẹn ju 7 A lọ lórí 220 V, fíríìjì sì ń ta lọ́wọ́ kan náà. Disjoncteur (ohun tó ń já iná bí ó bá pọ̀ jù) mítà kékeré á já. Àwọn ará ilé á ní SBEE tún ti mú iná lọ. Ó sì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ dín in kù sí 10 A.

5. Èyí tó lè jó ilé

Níbí n kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ínfátà 1000 W lórí bátìrì 12 V ń fa nǹkan bí 95 A. Ẹ ń fi waya 6 mm² gbé e, torí pé òun ló wà nílẹ̀. Bí bátìrì bá jìn sí ínfátà ní mítà méjì, ó lé ní 1 V tó ń sọnù sínú waya yẹn, ìyẹn sì ju 100 W ooru lọ lórí rọ́bà tí a fi kan ògiri. Ínfátà á máa ké pé bátìrì ti tán, nígbà tí bátìrì ṣì wà ní 12,4. Pẹ̀lú 35 mm², ohun tó ń sọnù kò tó 0,2 V. Ẹ jẹ́ kí bátìrì súnmọ́ ínfátà, kí waya nípọn, kí ẹ fi irin iṣẹ́ gidi tẹ orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi òòlù lu cosse (irin orí waya), kó bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn.

Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pupa bátìrì, kó má jìn ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. 125 A fún àpẹẹrẹ òkè yìí. Bátìrì tí kò ní fíúsì lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún A jáde bí waya méjèèjì bá kan ara wọn.

Disjoncteur ilé lásán kò gbọdọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Iná SBEE ń bọ́ sí òfo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà iná tó bá tàn láàárín ojú disjoncteur máa ń kú fúnra rẹ̀. Ti pánẹ́ẹ̀lì kì í bọ́ sí òfo rárá. Bí ẹ bá já a lọ́sàn-án, iná á máa jó nínú ike kékeré yẹn títí tí yóò fi yọ́. Èyí tí wọ́n kọ DC (irú iná tí kì í bọ́ sí òfo) sí, tí V rẹ̀ tó ti pánẹ́ẹ̀lì, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ṣàkíyèsí ibi tí wọ́n kọ + àti − sí lára rẹ̀, torí pé òmíràn kò gbọdọ̀ yí padà. Waya orí òrùlé, kó jẹ́ ti sólà gidi, 4 tàbí 6 mm². Oòrùn á jẹ rọ́bà waya inú ilé.

Ilẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mò ń wọ̀, kò sí piquet de terre, ọ̀pá irin tí a ń rì mọ́lẹ̀. Irin pánẹ́ẹ̀lì, ara ínfátà àti parafoudre (ohun tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ àrá) gbọ́dọ̀ wà ní síso mọ́ ilẹ̀, nípasẹ̀ ọ̀pá tó wọlẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì, níbi tí ilẹ̀ kì í tètè gbẹ. Ilẹ̀ olókùúta Sábẹ ń fẹ́ ju ọ̀pá kan lọ. Parafoudre tí a kò so mọ́ ilẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Èyí tó burú jù lọ: ínfátà lásán tí ẹ ń fi waya olórí méjì kì bọ inú prise (ojú iná ara ògiri) ilé, láìfi inverseur, ohun tó ń mú kí ọ̀kan ṣoṣo máa bọ́ ilé, sáàárín òun àti SBEE. Bí iná bá dé, ínfátà á bú. Bí iná SBEE bá sì wà ní pípa, iná ilé yìí lè padà sí orí òpó, níbi tí òṣìṣẹ́ kan ń ṣàtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé waya náà ti kú.

6. Orí òrùlé

Kí ojú pánẹ́ẹ̀lì kọ sí gúúsù, kó dagun ní ìwọ̀n 10 sí 15 kí òjò lè fọ̀ ọ́, kí àlàfo 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín òun àti páànù. Pánẹ́ẹ̀lì tó gbóná dé 65 °C ń pàdánù nǹkan bí 14 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi ilé léèrè ibi tí òjìji igi máńgòrò ń bọ́ sí ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kì í ṣe ní òwúrọ̀ tí ẹ wá nìkan. Òjìji tó bo igun kan ń fà á wálẹ̀ ju bí ó ti mọ lọ. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n máa fi omi lásán àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ ní ìdájí, láìlo ọṣẹ ìfọṣọ, láìda omi tútù lé e ní ọ̀sán. Ẹ gún páànù ní góńgó rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà, kí ẹ má bàa fi jíjò sílẹ̀ fún wọn.

7. Bátìrì tó ti kú

Ẹ ń ta á, ẹ kò fẹ́ rí òkú rẹ̀. Ó ń lọ sẹ́yìn ilé, ọmọ ń fọ́ ọ, wọ́n ń da omi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ẹnìkan ń yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò láti fi ṣe òjé àwọ̀n. Òjé kì í jáde nínú ara ọmọdé bọ̀rọ̀, ọpọlọ ló sì ń bà jẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar, ọmọdé 18 kú láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù Kẹta ọdún 2008, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń tú bátìrì òkú. Ohun tí mò ń bèèrè kò le: ẹ gba òkú nígbà tí ẹ bá ń ta tuntun, ẹ yọ owó díẹ̀ fún ẹni tó gbé e wá, ẹ tò ó sórí ike lábẹ́ òrùlé láìtú u, kí ẹ sì tà á fún ilé-iṣẹ́ tó níwèé láti tún òjé rọ.

8. Ìwé náà

Ojú ewé kan ti tó. Kó wà ní Yorùbá àti Faransé, kó jẹ́ méjì, kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i. Kó ní:

a. Ohun tí ilé fẹ́ lò, W àti wákàtí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ínfátà ń jẹ, àti àpapọ̀ Wh.
b. Iye W pánẹ́ẹ̀lì, gígùn, fífẹ̀, Voc àti Isc tí ẹ wọ̀n lójú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ dà kọ láti ara àkọlé.
d. Irú bátìrì, Ah, ìwọ̀n kílò, nọ́ńbà ara rẹ̀, àti fólítì rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.
e. Ètò tí ẹ fi sínú ínfátà: irú bátìrì, iná ìkún, iná ìdúró, ibi ìdádúró, A tí SBEE yóò fi bọ́ ọ.
ẹ. Ìwọ̀n waya, fíúsì, disjoncteur DC, piquet.
f. Gàráńtì: oṣù mélòó, fún kí ni, àti ohun tó lè bà á jẹ́.

N kò ní kí ẹ gba bátìrì tí ẹnìkan fi ẹ̀rọ aṣọ lílọ̀ pa. Áyọ́ọ̀nù 1200 W lórí ilé tí a ṣírò yẹn, ẹ̀bi oníbàárà ni, bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ lò ó. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹ̀bi yín ni. Fún bátìrì òjé, oṣù 12 ni mo kà sí ohun tó tọ́ fún ẹrù tí ẹ fúnra yín ṣírò, tí ẹ fúnra yín so. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí oṣù 12 lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin maire Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́, ẹ̀yin náà ń ka lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin lẹ ń gba owó àyè lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kan àti multimètre kan sí ọ́fíìsì ọjà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ra bátìrì tàbí pánẹ́ẹ̀lì ti lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó gbé e lọ sílé, kí ẹ sì ya ibì kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ti ń gba bátìrì òkú.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, èmi ti ya àpẹẹrẹ ìwé náà sójú ewé kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbà á, n kò ní gba owó. Kí ẹ tó so iṣẹ́ yín tó kàn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kún, ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà náà. Ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ máa wò bí wọ́n bá pè mí wá tún un ṣe.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń tún ínfátà ṣe ní Kétu